Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ Màmá

Bọ́sẹ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni òtútù Toronto, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun dáadáa? Àárò rẹ ń sọ mí gan-an. Àbúrò mi ti bí ọkùnrin, a ti sọ ọ́ lórúkọ, màá fi fọ́tò ránṣẹ́.

Látìgbà tí Màmá ti fi ìsọ̀ wọn l'Ọ́jà Ọba sílẹ̀ ni ìbàdí àti èjìká ò ti jẹ́ kí wọ́n sùn, mo wá ní kí n máa wọ́ wọn lára nílé fúnra mi. Haa, nǹkan masáàjì tó wà nígboro báyìí ò lóǹkà! Bọ̀dá kan l'Ọláìyá ní kí n ra bẹ́ẹ̀dì masáàjì, bẹ́ẹ̀dì kẹ̀, nínú yàrá wo? Mo kàn ní kí Màmá jókòó sídìí tábìlì, kí wọ́n gbórí lé pílò, èjìká wọn á sì rọ̀ wọ̀ọ̀. Òrí Ṣakí ni mo rà, èyí tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń rùn bí èéfín díẹ̀, kó o kàn bù ú sátẹ́lẹ́wọ́ ló ti ń yọ́. Tó bá ṣe hóró-hóró kò bàjẹ́ o, yọ́ ọ kó o tètè jẹ́ kó tutù, á tún dán. Òróró àgbọn náà dáa àmọ́ ó ń ṣàn jù, gbogbo ṣíìtì ló bà jẹ́. Aboniki tí wọ́n fẹ́ràn yẹn, mò ń fi díẹ̀ síbi ìbàdí, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ gbé rọ́bà omi gbígbóná lé e, ó lè bó wọn lára. Ẹsẹ̀ wọn ńkọ́, tòun ti àìsàn ṣúgà tó ń ṣe wọ́n yìí, wọn kì í tètè mọ̀ pé nǹkan gbóná, omi gbígbóná ò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá. Bọ́ọ̀lù tẹníìsì ló wá dùn mọ́ wọn jù! Mo fi í sínú sọ́ọ̀kì, wọ́n á fẹ̀yìn tì í mọ́ ògiri, wọ́n á máa yí i, "ibẹ̀ yẹn, ibẹ̀ yẹn gan-an."

Ẹ̀rọ masáàjì tó o ní o fẹ́ rà, kó jẹ́ èyí tó ń lo USB o, iná tiyín fóltì 120 ni, tiwa fóltì 230, kó má lọ jóná.

Bọ́sẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀. Láti àná ni ẹ̀yìn ojúgun òsì Màmá ti wú, ó ń gbóná, ọ̀tún ò sì ṣe nǹkan kan. Wọ́n ní kí n fòrí ra á kí n tẹ̀ ẹ́ dáadáa, mo kọ̀. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó bá wú báyẹn, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan ibẹ̀, téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ ó lè já kó gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Mo ní ká lọ sọ́síbítù, wọ́n ní ìyá tó ń wọ́ra ládùúgbò làwọn máa ránṣẹ́ pè lọ́la. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbọ́.

Ìwọ ni wọ́n máa ń gbọ́ tiẹ̀, látìgbà ọ̀rọ̀ ilé Òkè-Fíà yẹn. Jọ̀ọ́, pè wọ́n lálẹ́ yìí, wọn ò tíì sùn. Ní kí wọ́n má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yẹn, kí wọ́n jẹ́ ká lọ ṣe skánì. Mo ti bá oníkòròpe sọ̀rọ̀, aago mẹ́fà ìdájí ló máa dé. Tí wọ́n bá ti gbà, fi wasáàpù ránṣẹ́ sí mi, ojú mi ṣì wà lára fóònù.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Ṣadé