Ta ló kọ orin inú àwo tí wọ́n tẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó yìí?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Wẹ́dà ni mí, ẹ̀bá gárééjì Ìbàdàn ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ìwé ìròyìn yín kì í sì í wọ́n níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ olórin kan ni mò ń wá, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi bi àwọn òǹkàwé yín. Ṣùgbọ́n bí n kò bá kọ́kọ́ sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, kò ní yé ẹnikẹ́ni ìdí tí wẹ́dà fi ń wá olórin rọ́ọ̀kì (orin ìlù líle àti jìtá oníná) kiri.

Àwa mẹ́rin la jọ jáde iléèwé gírámà. Ọ̀kan di tíṣà ní Àgọ́-Ìwòyè, ọ̀kan di nọ́ọ̀sì ní Ìkẹ́nnẹ́, ọ̀kan ń wa bọ́ọ̀sì lọ sí Ọjọ́ta, èmi sì ń jó irin. Nígbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020, tí kò sẹ́ni tó ń béèrè géètì lọ́wọ́ mi mọ́, Tíṣà ní kí ẹnì kan nínú wa máa ṣa orin mẹ́wàá jọ lóṣooṣù, ní yíyípo, kó fi ránṣẹ́ sí àwọn yòókù lórí WhatsApp. Òun ni àwọn ọmọ wa ń pè ní playlist. Òfin kan ṣoṣo la fi lélẹ̀: o kò gbọdọ̀ fi orin ránṣẹ́ láìfi ẹnu ara rẹ sọ ìdí tí o fi mú un wá fún wa.

Tíṣà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rú òfin náà. Orin ló kàn fi ránṣẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Òjò ń rọ̀, àrá ń sán, agogo kan ń dún lọ́ọ̀ọ́kán bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń sìnkú, àfi gbàmù tí jìtá já lu gbogbo rẹ̀. Mo pa á kíá. Mo kọ̀wé sí i pé n kò fẹ́ orin ẹlẹ́mìí òkùnkùn nínú fóònù mi.

Kò bá mi jà. Ó ká ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mi. Ó ní Black Sabbath lorúkọ ẹgbẹ́ náà, Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti wá, inú àwo wọn àkọ́kọ́ tó jáde lóṣù kejì ọdún 1970 ni orin náà wà. Ó ní Tony Iommi tó ń ta jìtá níbẹ̀, ilé iṣẹ́ irin pẹlẹbẹ ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 17. Ọjọ́ tó fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ gé orí ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló fi ń tẹ okùn jìtá. Ọkùnrin náà yọ́ ike, ó mọ ọ́n bí ìdérí fún àwọn ìka tó gé, ó fi awọ bò ó, ó wá okùn tó fẹ́lẹ́. Nígbà tó yá ó tún dẹ okùn náà kó má baà máa ni ín lára. Ibẹ̀ ni ohùn jìtá rẹ̀ ti túbọ̀ rinlẹ̀, tó wúwo bí ìgbà tí wọ́n bá ń wọ́ irin lórí kọnkéré.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ṣe fún mi. Ojú mi kòrókòró ni ẹ̀rọ ìgé-irin ṣe gé orí àtàǹpàkò ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó sílé. Ọjọ́ tí wọ́n padà dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, wọ́n wé e mọ́ kùkùté ìka yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n so ó, wọ́n gbé ìbòjú wọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí jó irin. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Títí wọ́n fi kú ni wọ́n ń wé rọ́bà náà. Nígbà tí mo tún orin Tíṣà gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò gbọ́ ẹ̀mí òkùnkùn kankan níbẹ̀ mọ́. Òṣìṣẹ́ ni mo gbọ́. Ká ní fóònù ló dá gbé orin yẹn sí mi létí, mi ò bá ti pa á, mi ò bá má padà síbẹ̀ láéláé. Tíṣà mọ ọ̀gá mi, ó sì mọ̀ mí.

Nọ́ọ̀sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, gbogbo wa sì rò pé orin ẹ̀mí nìkan ni yóò máa kó wá. Orin ẹ̀mí ló kó wá lóòótọ́. Fídíò ọdún 1964 ni: ibùdókọ̀ ojú irin kan tí wọn ò lò mọ́ ní Manchester, òjò ti rọ̀, ilẹ̀ tutù. Ìyá aláwọ̀ dúdú kan láti Amẹ́ríkà wọ kóòtù, ó gbé jìtá oníná kọ́rùn, ó ń yin Olúwa, ó sì ń fi ìka fa okùn náà bí ẹni tó ń jà fún ọmọ rẹ̀. Sister Rosetta Tharpe lorúkọ rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1938 ló ti ń gba irú orin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí Elvis Presley, ẹni tí wọ́n ń pè ní ọba rọ́ọ̀kì, ṣì wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Ẹni bá tún sọ fún mi pé orin èṣù ni rọ́ọ̀kì, ìyá yìí ni n óò fi hàn án.

Nínú àkójọ kan náà ni Nọ́ọ̀sì fi BLO àti Ofege sí, inú sì bí mi. Ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ilẹ̀ wa níhìn-ín ni wọ́n, ọdún 1973 sì ni ẹgbẹ́ méjèèjì gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde. Lára orúkọ àwọn mẹ́ta tó dá a sílẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ̀dá BLO: Berkley Jones, Laolu Akins, Mike Odumosu. Àwọn Ofege, ọmọ iléèwé St. Gregory's l'Ékòó ni wọ́n nígbà náà! Èmi tí wọ́n fi àpàlà tọ́ dàgbà, tí mo mọ oríkì inú orin Haruna Ìṣọ̀lá ju oríkì bàbá mi lọ, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé àwọn ọmọ wa ń ta irú jìtá báyìí?

Oṣù tó kọjá ló kan Dírẹ́bà, kò sì fi orin kankan ránṣẹ́. Ó gbé àwo rẹ́kọ́ọ̀dù kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi nínú làílọ́ọ̀nù. Ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló fi ń dé àmù láti ìgbà tí bàbá ti kú. Omi ti bó pépà àárín rẹ̀, a ò rí orúkọ olórin, a ò rí ọdún. Ohun tó kù tójú lè kà ni Phonodisk àti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n: ilé iṣẹ́ tí Alhaji Haruna Ìṣọ̀lá dá sílẹ̀ nílùú rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970, tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀, tí wọ́n sì ń tẹ àwo.

A fi omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, a gbé e lọ bá bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ní Òkè-Àjé, tí ṣénjà rẹ̀ ṣì ń yí. Àwo náà ti ká díẹ̀, abẹ́rẹ́ ń fò. Bàbá fi kọ́bọ̀ kan lé orí apá abẹ́rẹ́, ó dúró. Ojú kejì, orin kejì: jìtá tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kó máa ké bí ọmọ ọwọ́, ìlù òyìnbó, gángan kan lábẹ́ wọn, ọkùnrin kan sì ń fi ẹnu Ìjẹ̀bú paraku kọrin. Àwa mẹ́ta la dúró síbẹ̀. A gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ yẹn, tàbí tí bàbá yín ta jìtá lákòókò náà: ta ni ọkùnrin yìí? Ẹ kọ̀wé sí olóòtú. Ẹ̀yin tí àwo bàbá yín ṣì wà ní yàrá ẹrù tàbí lórí àmù, ẹ má sun ún, ẹ má dà á nù. Ẹ nà án ró, ẹ má tò ó léra wọn, ẹ gbé e kúrò lóòrùn, kí ẹ sì wá ọmọ tó lè gbà á sínú fóònù fún yín.

Èmi ló kàn lóṣù yìí. Orin náà ni mo fi ṣe ìkẹwàá. Níbi tó yẹ kí n ti pe orúkọ olórin nínú ohùn tí mo ká sílẹ̀, mo dákẹ́ díẹ̀, mo fi àyè sílẹ̀ fún un.

Èmi ni tiyín,
Wẹ́dà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde