Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ Àdùnní ni mo bá wá

Ìbàdàn,
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Àwọn ìbejì ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ lórí fóònù, torí bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, ẹkún ni n ó fi bẹ̀rẹ̀.

Àdùnní ti rí ẹni tó fẹ́ fẹ́. Òyìnbó ni.

Mo mọ̀ pé o ti pariwo. Èmi náà pariwo. Bàbá rẹ̀ ò sọ nǹkan kan. Ó dìde, ó lọ ń bomi rin ewédú nínú òjò.

Nígbà tí oorun ò wá, mo wọ yàrá ọmọ náà, mo fa ìwé kan yọ nínú èyí tó fi sílẹ̀: Americanah, tí Chimamanda Ngozi Adichie kọ ní 2013. Òru mẹ́ta ni mo fi kà á. Ifemelu, ọmọ Nàìjíríà, ń fẹ́ Curt, òyìnbó olówó, ní Baltimore, ibi tí ọmọ mi wà gan-an! Ọkùnrin yẹn fẹ́ràn rẹ̀ o. Nígbà tí àwọn onílé ìṣaralóge kan ní àwọn ò lè bá a tún irun òkè ojú rẹ̀ ṣe torí pé ó ká, Curt ló gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n jọ wọ ilé oúnjẹ kan, ẹni tó ń gbàlejò wo àwọn méjèèjì, ó sì bi Curt bóyá tábìlì ẹnì kan ló fẹ́. Ẹnì kan! Curt wá ń sọ fún un pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lonítọ̀hún ní in lọ́kàn. Irú nǹkan báyìí ń ṣẹlẹ̀, Ifemelu á sì gbé e mì.

Ibẹ̀ ni mo ti pa ìwé dé. Àwọ̀ ọkùnrin kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, Ìyá Ìbejì. Ìdákẹ́ yẹn ni. O ṣáà mọ Àdùnní. Ọjọ́ ìkómọ àwọn ìbejì ńkọ́, tó fi apá tó yẹ̀ gbé àwo oúnjẹ kiri, tó ń rẹ́rìn-ín?

Bàbá rẹ̀ ní tiẹ̀, ọ̀rọ̀ Richard àti Mildred Loving ni kò kúrò lẹ́nu rẹ̀: wọ́n ṣègbéyàwó ní Washington ní 1958, ọlọ́pàá sì wọlé ká wọn mọ́ orí ibùsùn lóru ní Virginia, ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ níbẹ̀ yẹn, torí pé ọ̀kan jẹ́ funfun, èkejì kì í ṣe funfun. 1967 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà tó fagi lé òfin tó ka irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Ọdún tí wọ́n bí èmi àti ìwọ!

Wọ́n ti ta ilé Ìyá Alákàrà. Orúnkún mi ti ń sàn. Mo fi èlùbọ́ àti irú rán ẹni tó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọkùnrin náà pè mí láàárọ̀ àná, ó ní “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà.” Mo rẹ́rìn-ín títí. Ó wá rọra bi mí pé kí ni kí òun máa pè mí. N ò tíì dá a lóhùn.

Jọ̀ọ́, pè wọ́n wá jẹun. Má bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rárá. Àdùnní ni kí o máa wò. Ṣé bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé níbí ló ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin náà? Bí ọkùnrin náà bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ṣé ó ń sọ fún un? Bó bá ti ko ó lójú lẹ́ẹ̀kan péré níṣojú rẹ, tí ọkùnrin náà sì gbọ́, tètè pè mí. Ọ̀dọ̀ alásọ òkè ni n ó gbà lọ.

Èmi ni,
Ìyá Àdùnní.