Bọ́sẹ̀, bá mi dé Kew

Bọ́sẹ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù ńkọ́? Ìyàwó Káyọ̀dé ti sọ̀ láyọ̀, ó bí obìnrin. Màmá ní kí n kí ẹ gan-an ni.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ wa ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ìwé tí a kọ sí kánsù lórí owó ọjà, wọn ò tíì fèsì, àwọn ọ̀dọ́bìnrin wa sì ti ń ní kí á jáwọ́. Tí wọ́n bá dárúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ariwo iwájú ààfin Aláké ní 1947 nìkan ni wọ́n mọ̀. Wọn ò mọ̀ pé ẹgbẹ́ kékeré ti àwọn ìyàwó olówó àti ọ̀mọ̀wé ni ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta níbẹ̀rẹ̀, tó wá gba àwọn ìyá ọlọ́jà mọ́ra láti kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé ìjọba ń gbẹ́sẹ̀ lé ìrẹsì àwọn ọlọ́jà nígbà ogun Hítílà. Wọ́n gbé e dé ìwé ìròyìn, ìgbẹ́sẹ̀lé sì dáwọ́ dúró. Ìyẹn ló kì wọ́n láyà.

Owó orí ló kàn. Bọ́sẹ̀, agbowó-orí ń tú ọmọbìnrin síhòòhò láti wo ọmú rẹ̀, bóyá ó ti tó san! Síbẹ̀, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ náà ò kàn fi ìbínú jáde. Wọ́n gba oníṣirò kan láti yẹ ìwé ìnáwó ìjọba Ẹ̀gbá wò. Nígbà tí ìjọba ò fún wọn láyè láti wọ́de, wọ́n ní àríyá làwọn ń lọ ṣe. Ìyá Ransome-Kuti kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe fi aṣọ bo ojú, imú àti ẹnu tí ọlọ́pàá bá yin tajútajú. Ní oṣù kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀, wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, obìnrin sì jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ọba padà ní 1950 o, ṣùgbọ́n ta ló tún lè ní obìnrin ò gbọdọ̀ jókòó níbẹ̀? Ní Òkè Ọya, ó di 1976 kí obìnrin tó gba ẹ̀tọ́ ìbò. Ìyá ṣì wà láyé nígbà náà.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Jọ̀ọ́, dé ilé àkójọ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù. Mú ìwé ìdánimọ̀ àti ẹ̀rí àdírẹ́sì dání, wọ́n á fún ẹ ní káàdì òǹkàwé. CO 583 ni nọ́ńbà àwọn ìwé Nàìjíríà. Wá ti 1947 sí 1949 tó kan Abẹ́òkúta. Béèrè fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí o tó lọ. Pẹ́ńsù ni kí o mú, wọn kì í gba bírò. O lè fi fóònù ya fọ́tò, má ṣáà tan iná rẹ̀. Mo fẹ́ kí á kà á sétí àwọn ọmọ wọ̀nyí kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó pé.

Èmi ni,
Ṣadé