Lẹ́tà sí Bọ̀dá mi, lórí ìwé kọkànlélógún

Bọ̀dá mi,

Ọmọ yín ló gbé báàgì náà wá lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní ìyá òun ní kí òun kó ìwé yín fún mi, pé bẹ́ẹ̀ lẹ wí kí ẹ tó lọ. Kimetsu no Yaiba, ìtàn alámàwòrán àwọn ará Japan yẹn, ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún pé. Ọ̀kan ṣoṣo ni bébà wà láàárín rẹ̀: ìkọkànlélógún, èyí tí ẹ nà sí mi lọ́jọ́ tí ikú Bàbá pé ọdún kan, tí mo dá padà fún yín láìṣí i. Mo ní mi ò ka ìwé ọmọdé.

Mo ti kà á báyìí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní, mo ń ṣí i láti ẹ̀yìn bí ẹ ṣe máa ń ṣí i. Tanjiro tó ń ta èédú, tó ti ọjà dé tó bá ìyá àtàwọn àbúrò rẹ̀ nínú àgbàrá ẹ̀jẹ̀. Nezuko àbúrò rẹ̀ obìnrin nìkan ló kù, òun náà sì ti di ohun tí àwọn ará Japan ń pè ní oni. Ànjọ̀nú ni màá pè é. Mi ò ní pè é ní èṣù, torí Èṣù tiwa kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn. Ohun tó mú mi nínú iṣẹ́ Koyoharu Gotouge, ẹni tó kọ ọ́, ni pé àwọn ànjọ̀nú náà ní ẹbí. Wọ́n bẹ́ orí ọ̀kan, bó ṣe ń di eérú ló rántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti fúnra rẹ̀ pa jẹ, tó ń fẹ́ kó di òun lọ́wọ́ mú. Tanjiro ló bá a di ọwọ́ yẹn mú.

Ṣùgbọ́n Genya lẹ fẹ́ kí n rí, àbí? Ọmọ méje ni wọ́n. Lóru ọjọ́ kan, nǹkan já wọlé, ó ṣe àwọn kéékèèké léṣe. Sanemi, àkọ́bí, wọ̀ ọ́ jáde, ó bá a jà títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ìgbà tí Genya jáde, òkú ìyá wọn ló rí nílẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró tì í tòun tẹ̀jẹ̀. Ó pè é ní apànìyàn. Kò tíì yé e pé ìyá ló ti di ànjọ̀nú.

Ẹ rántí ohun tí èmi náà sọ. Níwájú ẹbí, níwájú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì: "Ẹ̀yin lẹ pa Bàbá." Ẹ ò dáhùn. Àga kan wà lọ́wọ́ yín, àga oníke aláwọ̀ búlúù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti sán. Ẹ fi ọwọ́ nu eruku orí rẹ̀, ẹ lọ tò ó sábẹ́ àtíbàbà. Títí dòní, àga yẹn ni mo ń rí. Ẹ nu eruku rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyàwó yín ló wá sọ fún mi pé Bàbá fúnra wọn ló ní kí ẹ gbé àwọn wálé, pé àwọn dókítà ti sọ̀rètí nù, pé ẹ fi pamọ́ fún mi torí ìdánwò. Mo gbọ́, mi ò wá bẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ̀yin náà ò sọ ọ́? Sanemi ní òun ò ní àbúrò, kí Genya lè bínú kúrò lójú ogun tí wọ́n ń bá àwọn ànjọ̀nú jà, kó lọ fẹ́yàwó, kó bímọ. Ẹ̀yin san owó iléèwé mi títí mo fi jáde, ẹ ò sì pè mí lẹ́ẹ̀kan. Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí.

Orí 179 ni bébà náà wà. Genya ń tú ká bí eérú lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Sanemi ń bẹ Ọlọ́run pé kó má mú un lọ. Genya ráàyè dúpẹ́, Bọ̀dá mi. Ó ráàyè dúpẹ́ kó tó lọ. Mo yí bébà náà síwá sẹ́yìn: rìsíìtì epo mọ́tò ni, ẹ ò kọ nǹkan kan sí i. Bóyá ibi tí ẹ kà dé lẹ kàn fi sàmì sí.

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Màámi ti wà ní ọsibítù. Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lánàá. Màámi ní ilé lòún fẹ́ lọ, wọ́n sì ní kí n wá fọwọ́ sí ìwé kó tó di Ọjọ́bọ̀. Àbíkẹ́yìn wa ń ṣèdánwò lọ́wọ́. Alaalẹ́ ló ń pè: "Bọ̀dá, ṣé Màámi ti ń jẹun?"

Mo ní wọ́n ń jẹun.

Èmi àbúrò yín