Owó tó pòórá lórí kọ̀ǹpútà: ẹ bèèrè ẹ̀rọ kẹta

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan láti Òkè-Baálẹ̀, tó ní òun san owó sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù òun, owó náà hàn lórí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Ajé, nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ó ti di àwátì. Ó ní olè wà ní ọ́fíìsì. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi náà ń tọ́jú kọ̀ǹpútà fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Òṣogbo níbí, mo sì ti fojú mi rí owó tó pòórá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí i.

Ẹ̀rọ méjì la ní nígbà náà. Èyí tó wà ní Alékúwodò ni ọ̀gá, òun ló ń gba àkọsílẹ̀ wọlé. Èyí tó wà ní Òkè-Fìà ni adelé: ohunkóhun tí ọ̀gá bá kọ, òun náà á dà á kọ, kó lè gbapò bí ọ̀gá bá kú. Ẹni tó tò ó fún wa ní kò séwu mọ́. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Òkúdù, òjò já ìlà íntánẹ́ẹ̀tì tó so ọ́fíìsì méjèèjì pọ̀. Ọ̀gá ò kú o; adelé ni kò gbóhùn rẹ̀ mọ́. Ló bá fi ara rẹ̀ jọba. Fún bíi wákàtí kan, Alékúwodò ń gbowó, Òkè-Fìà ń gbowó, àwọn méjèèjì sì ń lo nọ́ńbà rìsíìtì kan náà. Split-brain, ìyẹn ọpọlọ tó pín sí méjì, làwa oníṣẹ́ yìí ń pè é. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan. Nígbà tí ìlà padà, wọ́n ní ká pa àkọsílẹ̀ Alékúwodò rẹ́, ká gba ti Òkè-Fìà. A sì pa á rẹ́.

Ìyá kan tó ń ta ẹlùbọ́ ní Ọjà Ọba ló kọ́kọ́ dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó tú rìsíìtì rẹ̀ láti etí ìró, ó fọwọ́ tẹ́ ẹ síwájú mi: ₦15,000, òǹtẹ̀ wa, agogo 4:52. Mo tẹ nọ́ńbà náà sórí kọ̀ǹpútà, orúkọ ẹlòmíràn ló jáde. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ ò rí tèmi ni?" Mo rí i. Ọwọ́ mi ló buwọ́ lu ìwé yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi ń ṣí ìwé kábọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan kí owó kálukú tó pé.

Ẹ̀rọ méjì péré kò lè mọ̀ bóyá ẹnìkejì kú ni tàbí ọ̀nà ló dí. Bí wọ́n bá di mẹ́ta, ó di ti ìpàdé ẹgbẹ́: bí kọ́rọ́ọ̀mù, ìyẹn méjì nínú mẹ́ta, ò bá pé, kò sí ìpinnu. PostgreSQL, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, la ń lò. A wá fi Patroni, tó ń fi ọ̀gá joyè, àti etcd, tó ń ka ìbò láàárín àwọn ẹ̀rọ, kún un. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ máa tún àṣẹ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ etcd kí ìṣẹ́jú àáyá 30 tó pé. Bí kò bá rí i gbà, fúnra rẹ̀ ló máa sọ̀ kalẹ̀, kò ní gbowó mọ́, adelé ló kù tó lè gorí oyè. Ẹ̀rọ kẹta wa wà ní Ìgbọ̀nà. Kò ní àkọsílẹ̀ owó kankan lọ́wọ́, ìbò nìkan ló ń dì. Kọ̀ǹpútà kékeré tó ti gbó ni, ó sì tó.

Kọ́rọ́ọ̀mù nìkan ò parí ọ̀rọ̀. Bí ẹ kò bá yí ètò PostgreSQL padà, ọ̀gá á ti wí pé "mo ti gbà á" kí adelé tó gbọ́ rárá. Ní ọjọ́ 21 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2018, ìlà GitHub, ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú iṣẹ́ àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, já ní Amẹ́ríkà fún ìṣẹ́jú àáyá 43 péré. Ètò ìbò wọn yan ọ̀gá tuntun ní ìwọ̀-oòrùn, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láti ìlà-oòrùn kò tíì débẹ̀. Wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 11 ni iṣẹ́ wọn fi dojú rú. Ìdí nìyẹn tí tiwa fi ń dúró kí adelé dáhùn kí rìsíìtì tó jáde. Ó ń falẹ̀ díẹ̀, mo mọ̀, kó falẹ̀. (Adelé kì í sì í ṣe ibi ìpamọ́ o: bí akọ̀wé bá ṣèèṣì pa orúkọ rẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, adelé náà á pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ tún ṣe ẹ̀dà lọ́tọ̀.)

Kí òǹkàwé yín ti Òkè-Baálẹ̀ mú rìsíìtì rẹ̀ dání padà sí ọ́fíìsì wọn. Kó wo agogo tó wà lórí rẹ̀, kó bèèrè bóyá ìlà já lọ́jọ́ náà, kó sì bèèrè ẹ̀rọ tí wọ́n yọ kúrò lórí oyè. Bí wọn kò bá tíì pa àkọsílẹ̀ rẹ́ lórí ẹ̀rọ yẹn, àkọsílẹ̀ owó rẹ̀ lè ṣì wà níbẹ̀. Kó tètè lọ.

Èmi ni tiyín,
Olùtọ́jú kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan,
Alékúwodò, Òṣogbo.