Ẹ má fi ọjọ́ 87 dá Pertinax lẹ́jọ́

Sí Olóòtú,

Ojú-ìwé ìtàn inú ìwé ìròyìn yín ti Sátidé tó kọjá bí mi nínú gidigidi. Ẹ to àwọn olú-ọba Róòmù tí kò pẹ́ lórí oyè, ẹ wá kó Pertinax àti Didius Julianus pọ̀ sínú ìlà kan, pé àwọn méjèèjì kò ṣe nǹkan kan. Háà! Julianus fowó ra oyè, Pertinax kú nítorí pé ó fẹ́ tún ìlú ṣe. Báwo ni wọ́n ṣe wá di ẹgbẹ́ ara wọn?

Ẹrú tó gba òmìnira ni bàbá Pertinax. Tíṣà ni òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe, ó ń kọ́ni ní gírámà, kí ó tó rí i pé owó ibẹ̀ kò tó ná, ló bá wọṣẹ́ ológun. Ó jẹ gómìnà ní Britain àti ní Áfíríkà, ó sì di alákòóso ìlú Róòmù. Ní Britain yẹn, àwọn ọmọ ogun abẹ́ rẹ̀ dìtẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n lù ú bolẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ sáàárín òkú, wọ́n rò pé ó ti kú. Ṣé ẹni tí kò ṣe nǹkan kan nìyẹn?

Nígbà tí wọ́n pa olú-ọba Commodus ní alẹ́ tó kẹ́yìn ọdún 192, òun ni wọ́n gbé oyè fún, ní ẹni ọdún 66. Mílíọ̀nù sesterce (owó ẹyọ Róòmù) kan péré ló bá nínú àpò ìjọba. Bẹ́ẹ̀ sì ni ó ti ṣèlérí 12,000 fún ẹ̀ṣọ́ ààfin kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: owó náà kò lè kárí ẹ̀ṣọ́ 100! Ló bá kó ẹrù afẹ́ Commodus sórí gbàǹjo, aṣọ, ẹṣin, ohun ìjà, títí kan kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí wọ́n ní ó máa ń ka bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Ó fi kún fàdákà inú owó ẹyọ ìlú. Ó ní kí ẹni tó bá lè dáko sórí ilẹ̀ tó ṣú ìgbẹ́ máa mú un, ìbáà jẹ́ ilẹ̀ ọba, kó má sì san owó orí fún ọdún 10. Ìgbìmọ̀ aṣòfin fẹ́ fi ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ joyè, ó kọ̀.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ti ń jẹun lábẹ́ Commodus kò lè gba irú ẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 193, nǹkan bí 200 wọn ya wọ ààfin. Bàbá náà kò sá. Ó jáde sí wọn, ó bá wọn sọ̀rọ̀. Ojú tì wọ́n, wọ́n wolẹ̀, wọ́n ti idà bọ àkọ̀, àfi ẹnì kan tó fò síwájú tó gún un. Wọ́n gé orí rẹ̀, wọ́n fi kọ́ orí ọ̀kọ̀. Ọjọ́ 87 péré ló lò lórí oyè.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kó oyè sórí gbàǹjo. Julianus dúró síta àgọ́ wọn, ó ń pariwo, ó ń fi ìka ka iye owó, títí tó fi dé 25,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ẹ kó mọ́ Pertinax nìyẹn! Ọjọ́ 66 péré lòun náà lò. Septimius Severus, ọmọ Leptis Magna ní Libya òde òní, ló gbapò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tú àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyẹn ká, ó sì ṣe ìsìnkú ẹ̀yẹ fún Pertinax. Àwọn tó fojú ara wọn rí i mọ ẹni tó jẹ́.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Nínú ìwé ìtàn tí ọmọ-ọmọ mi ń kà, ìlà kan ló ní: ọdún tó jọba, ọdún tí wọ́n pa á. Àwọn aláṣẹ tó ń fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, iye ọjọ́ ni wọ́n mọ̀ ọ́n kà. Ẹni tó bá pẹ́ lórí oyè, ibi tó ń ṣe ìbáà kún ìlú, ojú-ìwé mẹ́wàá. Ẹni tí kò pẹ́, ìlà kan. Kí ni wọ́n ń gba owó oṣù fún?

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Nígbàkígbà tí ẹ bá kọ̀wé nípa ọba tí kò pẹ́, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tó bá nílẹ̀: èló ló wà nínú àpò, gbèsè wo ló jogún. Ẹ sọ ohun tó bẹ̀rẹ̀, kódà bí kò parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ dárúkọ àwọn tó dá a dúró, àti ohun tí wọ́n ì bá pàdánù ká ní ó pẹ́. Ẹ fi Galba, olú-ọba Róòmù mìíràn tí kò pẹ́, bẹ̀rẹ̀, kí ẹ ṣe Pertinax tẹ̀lé e, ojú-ìwé kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn tó ń ṣètò ìdánwò náà yéé bi ọmọ ní iye ọjọ́ nìkan.

Mò ń retí àtúnṣe yín ní Sátidé tó ń bọ̀, ní ojú-ìwé kan náà tí ẹ ti kọ èyí tó lòdì.

Èmi ni,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàdàn.