Ẹ Jẹ́ Kí Ìtàn Bẹ̀rẹ̀ Láti Ìbẹ̀rẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀nà tí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà ń gbà yan eré àròsọ onísáyẹ́ǹsì ni pé iye ènìyàn tó ń wò ó ni wọ́n fi ń dá a lẹ́jọ́, nítorí iye yẹn ni àwọn olùpolówó ọjà ń wò kí wọ́n tó sanwó. Eré bẹ́ẹ̀ sì gbówó lórí ju eré tí wọ́n ń yà nínú pálọ̀ lásán lọ, ìdí nìyí tí sùúrù wọn fi ń tètè tán.

Ẹ wo Firefly, eré kan nípa àwọn èrò inú ọkọ̀ òfuurufú, tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn Fox gbé jáde lọ́dún 2002. Apá àkọ́kọ́, tó jẹ́ ká mọ bí àwọn èrò inú ọkọ̀ náà ṣe pàdé, àti ìdí tí wọ́n fi gbé ọmọbìnrin kan wọlé nínú àpótí, ni wọ́n fi pamọ́ títí di oṣù Kejìlá, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi àwọn apá mìíràn hàn. Apá 14 ni wọ́n yà, 11 péré ni wọ́n fi hàn. Ta ni yóò mọ orí mọ ìdí irú ìtàn bẹ́ẹ̀?

Iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn NBC ti Amẹ́ríkà náà dá eré Star Trek, tó jẹ́ àròsọ onísáyẹ́ǹsì bákan náà, dúró lọ́dún 1969, àfìgbà tí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn kéékèèké ń tún un fi hàn ni èrò tó rọ́ wá wò ó.

Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa tẹ̀lé ètò tí òǹkọ̀wé ṣe, kí wọ́n sì fún ìtàn láyè kó gbilẹ̀ kí wọ́n tó gé e kúrò.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan